Ẹ̀rọ Tuntun Tí Mùrí Gbẹ́kẹ̀ Lé Ju Ọ̀rẹ́ Rẹ̀ Lọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín o. Ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, torí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀rẹ̀.

1.
Mùrí, ọmọ Ìlọrin, ń tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn kan ní Crumpsall, ní ìlú Manchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Àmọ́ níbi iṣẹ́, gbogbo èèyàn ló ń pàṣẹ fún un: gbé ìyẹn, ti eléyìí, lọ pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì. Láti ọdún mẹ́ta tó ti débẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé, "O ṣeun, o ṣe dáadáa."

Ẹ̀hìndé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, ló mú un wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ìbọn ta àmì lórí òkè lẹ́yìn ìlú. Ìbọn ẹgbẹ́ ni wọ́n ń lò, òfin ibẹ̀ sì le. Àmì náà máa ń jìnnà gan-an. Bí ọta bá ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń wálẹ̀, atẹ́gùn sì ń tì í. Èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣírò bó ṣe máa gbé awò ìbọn, ìyẹn dígí tí wọ́n fi ń wo àmì, sókè tó kó tó yìn ín.

Lọ́jọ́ tí ọta Mùrí kọ́kọ́ bá àárín àmì, Bàbá Ṣẹ̀san, àgbàlagbà Yorùbá tó ti lo ogún ọdún nínú ẹgbẹ́ náà, pàtẹ́wọ́ fún un.

"Mùrí, ọwọ́ ẹ mà dúró o!"

Nígbà tó délé, ó ń rò ó fún Rodiyat, ìyàwó rẹ̀, títí oúnjẹ fi tutù.

2.
Áàpù kan wà lórí fóònù Ẹ̀hìndé. Òun làwọn méjèèjì fi ń ṣírò. Lọ́jọ́ kan, òtútù pa fóònù náà kú pátápátá. Lọ́jọ́ míì, òjò rọ̀ sójú ẹ̀, ó kọ̀, kò gbọ́ ti ọwọ́ mọ́. Ó sú Mùrí. Ló bá ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ náà. Fúnra ẹ̀ ló ń wọn atẹ́gùn. Òjò ò tu irun kankan lára ẹ̀.

Ká sọ òótọ́, ẹ̀rọ náà dáa. Àmọ́ ìgbà tí Mùrí rà á ni ẹnu ẹ̀ yí padà.

"Ẹ̀hìndé, fóònù lo ṣì ń gbé wá síbí? Ṣé o fẹ́ pe ìyàwó ẹ ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀hìndé náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún ò dénú.

Bàbá Ṣẹ̀san pe Mùrí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mo ní irú ẹ̀rọ yìí. Ṣé o ti ka ìwé tó bá a wá? Ṣé o ti fi ta àmì tó wà nítòsí, kó o wò ó bóyá òótọ́ ló ń sọ?"

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀rọ yìí gbọ́n ju gbogbo wa lọ."

Bàbá mirí, wọ́n padà sídìí ìbọn wọn.

3.
Ọjọ́ ìdíje pé, lówùúrọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kẹrin. Eléèyàn méjì méjì ni. Mùrí ló fẹ́ yìn, Ẹ̀hìndé á máa fi awò wo ibi tí ọta bá bà. Àmì wà ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún yáàdì.

Ẹ̀hìndé wo fóònù ẹ̀, ó wo ẹ̀rọ Mùrí. "Iye tí tìẹ ní ká gbé awò sókè ga ju tèmi lọ. Dúró ná fún ìṣẹ́jú kan, jẹ́ ká pe Bàbá."

"Fóònù ẹ ló ń parọ́."

Mùrí yìn ín. Kò sí nǹkan kan lára àmì.

"Ó jọ pé ó gba òkè kọjá," Ẹ̀hìndé wí.

"Irọ́ ni, ó rẹlẹ̀ ni!" Mùrí tún yí awò sókè, ó yí i gan-an.

Ẹ̀hìndé dì í léjìká mú. "Mùrí, má yìn ín! Mo bẹ̀ ọ́!"

Ó yìn ín.

Òkìtì ńlá kan wà lẹ́yìn àmì tí ọta kankan ò gbọdọ̀ fò kọjá. Èyí fò ó. Àwọn tó wà nínú kòtò nísàlẹ̀ àmì, tí wọ́n ń gbé àmì sókè sódò, gbọ́ bó ṣe han kọjá lórí wọn. Ọ̀gá ibùdó, tó ń bójú tó gbogbo ìbọn yínyìn níbẹ̀, pariwo: "Ẹ dáwọ́ dúró! Gbogbo yín!" Gbogbo wọn gbé ìbọn sílẹ̀.

Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Wọ́n ti sé pápá tó wà lẹ́yìn òkìtì, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Bàbá Ṣẹ̀san gba ẹ̀rọ náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì péré.

"Mítà ló wà níbí, Mùrí. Yáàdì la fi ń wọn ilẹ̀ yìí, mítà sì gùn ju yáàdì lọ. Ẹ̀rọ yìí rò pé àmì jìnnà ju bó ṣe wà lọ. O ò sọ fún un pé yáàdì ni."

Mùrí ṣì dọ̀bálẹ̀ sídìí ìbọn bó ṣe wà nígbà tó yìn ín.

4.
Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ pe Mùrí àti Ẹ̀hìndé. Mùrí ò fi nǹkan kan pamọ́. "Ẹ̀hìndé ní kí n má yìn ín. Èmi ni mi ò gbọ́." Síbẹ̀, wọ́n dá Ẹ̀hìndé dúró fún oṣù mẹ́fà, torí pé kò pe ọ̀gá ibùdó lásìkò. Wọ́n yọ Mùrí kúrò pátápátá.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Mùrí ò lè jẹun dáadáa. Rodiyat jókòó tì í. "Olówó orí mi, o ò pààyàn. Dúpẹ́. Àmọ́ lọ bá Ẹ̀hìndé."

Ó lọ sílé Ẹ̀hìndé ní Harpurhey, ó kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀hìndé ṣí i, ó ń wò ó.

"Ẹ̀hìndé, jọ̀ọ́, má bínú."

"Ọwọ́ mi wà léjìká ẹ, Mùrí. O gbọ́ mi, o ṣì yìn ín."

"Mo gbọ́ ẹ."

Ẹ̀hìndé sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Wọlé. Òtútù ń mú."

Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, Ẹ̀hìndé padà sórí òkè. Mùrí kọ̀wé sí ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò gbà á. Iṣẹ́ ló ń lọ ní gbogbo Sátidé báyìí. Bí ẹnì kan bá béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé ṣé ó ti fi ìbọn ta àmì rí, á ní rárá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, mi ò ní kẹ́ ẹ má ra nǹkan tó dáa o. Bí òjò bá ń rọ̀ tí òtútù sì ń mú, ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe sàn ju fóònù lọ, ẹ̀rí wà. Àmọ́ àtẹ̀rọ àti fóònù, ohun tẹ́ ẹ bá sọ fún wọn ni wọ́n mọ̀. Ẹ ka ìwé ẹ̀. Ẹ dán an wò níbi tí àṣìṣe ò ti lè pa èèyàn. Bí ọ̀rẹ́ yín bá sì ní kẹ́ ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Ìṣẹ́jú kan péré ni Ẹ̀hìndé tọrọ.

Abéèrè kì í ṣìnà.