Iná Funfun Múrítàlá

Ọjọ́ tí Múrítàlá dẹ́rẹ́bà so iná funfun mọ́ iwájú ọkọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ń rin títì Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà lálẹ́ ti mọ̀. Iná náà kì í ṣe iná tí ènìyàn ń wò. Bí ó bá yọ ní kọ́nà, gbogbo ayé á di funfun báláú, títì á sì pòórá.

Zachariah, ọkọ Ìbílọlá, pàdé rẹ̀ lórí òkè Ọ̀kà, níbi tí títì ti yà bàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta. Ọ̀kadà ló ń gùn bọ̀. Ó ṣẹ́jú iná tirẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì pé kó díìmù, kò díìmù. Zachariah bá gọ́tà lọ. Ọlọ́run ló yọ ọ́, apá nìkan ló kán. Múrítàlá kò dúró. Ó kọjá lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Láti ìgbà náà ni Ìbílọlá ti ń ṣọ́ ọ. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ kọjú sí gáréèjì ní Ìkàrẹ́, kò sì sí ìgbéraga ọkùnrin náà tí kò rí. Bí ènìyàn bá juwọ́ sí i láti òdìkejì títì, kì í dáhùn. Àfi kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ kó tó rẹ́rìn-ín bí ọba. Bí ó bá fẹ́ wọ ọkọ̀, á kọ́kọ́ fọwọ́ ra bọ́nẹ́ẹ̀tì títí dé ẹnu ilẹ̀kùn, bí ẹni ń ra ẹṣin lára. Oòrùn kò tíì wọ̀, iná rẹ̀ á ti mọ́lẹ̀ yòò.

“Wò ó,” Ìbílọlá wí fún Àwẹ̀ró tí wọ́n jọ ń ránṣọ. “Ó tún ti ń fi iná yangàn lójú oòrùn.”

“Nígbà tó kọjá níwájú ilé wa, mo rò pé Olúwa ló dé,” Àwẹ̀ró dáhùn. “Ó kù díẹ̀ kí n jẹ́wọ́ ẹran tí mo yọ nínú ọbẹ̀ ìyá ọkọ mi.”

Ìbílọlá kò rẹ́rìn-ín. Ó pọn Mary, ọmọ rẹ̀, ó sọdá lọ bá Múrítàlá níbi tó jókòó sí.

“Ẹ kú ìjókòó.”

“Ta nìyẹn?”

“Ẹ̀ ń bi mí pé ta nìyẹn, èmi tí mò ń kọjá níwájú yín lójoojúmọ́? Èmi ni ìyàwó ẹni tí ẹ tì sí gọ́tà.”

Múrítàlá kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Èjìká obìnrin náà ló ń wò, bí ẹni pé kò tó ẹni à ń wò.

“Mi ò ti ẹnikẹ́ni sí gọ́tà, ìyàwó. Má bínú.”

“Kí lẹ wá ń fi irú iná yẹn ṣe?”

“Ilẹ̀ ti ń ṣú jù láyé ìsinsìnyí.”

Àwọn dẹ́rẹ́bà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní kí wọ́n lọ sọ fún àwọn oníná mànàmáná kí wọ́n wá so gílóòbù mọ́ inú igbó fún Múrí. Ẹ̀rín yẹn ló dun Ìbílọlá jù. Ó kọrí sọ́dọ̀ Fákúnlé, alága gáréèjì, láti fẹjọ́ sùn.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú ọkọ rẹ̀ wá tòun ti apá tí wọ́n dì. Ó gbé Mary sórí tábìlì alága.

“Bí baba ọmọ yìí bá ti kú ńkọ́?”

Fákúnlé wo ọmọ, ó wo apá. Ó ní kí Múrítàlá yọ iná náà lójú ẹsẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní kó èrò ní gáréèjì yẹn mọ́.

Múrítàlá, tí wọ́n ti ránṣẹ́ pè, tẹ̀ síwájú.

“Ó dáa, alága. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n máa ṣiṣẹ́ ọ̀sán nìkan, kí n fi tọ́ọ̀nù àtikó èrò lálẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́.”

Kí Fákúnlé tó lanu, Ìbílọlá ti fèsì. “Hẹn-ẹn. Wọ́n ní kó yọ iná, ó fẹ́ fi ìyẹn jẹ wá níyà. Ta ni yóò máa gbé àwa tí à ń ti ṣọ́ọ̀bù pẹ́? Kó ṣe tirẹ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀.”

“Kó ṣe é bí ẹgbẹ́ rẹ̀,” ni Fákúnlé wí.

Múrítàlá lanu, ó wo ọ̀nà ibi tí ẹ̀rín àwọn dẹ́rẹ́bà ti ń dún níta, ó pa ẹnu dé. Ìbílọlá dúró ti ríwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe títí ó fi tú iná funfun náà, tó sì dá iná pupa rúsúrúsú ti àtijọ́ padà síbẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tọ́ọ̀nù kan Múrítàlá láti kó èrò lọ sí Ọ̀kà. Tẹ́lẹ̀, Ìbílọlá á jẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ lọ, á dúró de ti ẹlòmíràn. Lálẹ́ yìí, iwájú ló jókòó sí, kó lè gbádùn ohun tó ṣe. Ó gbé Mary lé ẹsẹ̀. Èrò mẹ́ta wà lẹ́yìn, oorun ti ń gbé wọn.

“Ẹ káalẹ́ o, Bàbá,” ó wí, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin.

“Ìyá Mary. Ìwọ lo wà níwájú? Ó dáa bẹ́ẹ̀.”

Wọ́n gbéra. Múrítàlá ń yẹ kòtò bí ẹni tó mọ̀ wọ́n lórúkọ, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ síwájú débi pé àyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdarí ọkọ̀. Ọkọ̀ tó pàdé wọn kò ṣẹ́jú iná, kò fọn fèrè.

“Ẹ ò rí i?” Ìbílọlá wí. “Iná yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára.”

Múrítàlá tẹjú mọ́ títì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè Ọ̀kà, àpáta lọ́wọ́ kan, ọ̀gbun lọ́wọ́ kejì. Ọkọ̀ akẹ́rù kan sọ̀ kalẹ̀, ó tan iná fúùlù sí wọn lójú, ó kọjá, òkùnkùn sì padà bolẹ̀. Mary ti sùn.

Nígbà tí wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n dé ibi tí Zachariah ti ṣubú, Múrítàlá rẹ ohùn sílẹ̀, kí àwọn tó wà lẹ́yìn má baà gbọ́: “Ìyá Mary, jọ̀ọ́, fi ojú tìrẹ bá mi wò ó, ọwọ́ wo ni títì yà sí?”