Ìlérí Tí Bàbá Orville Ṣe Lórí Ọkọ̀ Ìjì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti ní ọmọọmọ.

1. Ọdọọdún ni Bàbá Orville àti Màmá Lorna ìyàwó rẹ̀ máa ń mú Maren ọmọọmọ wọn lọ sí ọgbà ìgbádùn kan ní Florida. Nígbà tó wà ní kékeré, ẹṣin onígi tó ń yí po ló máa ń gùn, á sì ti sùn lọ léjìká bàbá àgbà rẹ̀ kí wọ́n tó padà dé òtẹ́ẹ̀lì. Ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìjì. Orí irin gíga ló ti ń sáré, tó ń dorí èèyàn kodò. Wọ́n ní Maren kò tíì ga tó ẹni tó lè wọ̀ ọ́, ni Maren bá bú sẹ́kún.

"Má sunkún mọ́," ni Bàbá Orville wí. "Lọ́jọ́ tó o bá ga tó, èmi àti ẹ la jọ máa gùn ún."

2. Ọdún ń gorí ọdún. Maren ga ju Màmá Lorna lọ. Màmá Lorna kò wá nǹkan mìíràn mọ́ ju ibòji àti ohun mímu tútù lọ. Ní ti Bàbá Orville, ẹ̀yìn ń dùn ún. Dókítà ní kó má bọ́ bẹ́líìtì tó fi ń di ẹ̀yìn, kó má sì wọ ohunkóhun tó ń ju èèyàn sókè. Kò sọ èyí kejì fún ẹnikẹ́ni. Ní ọdún tí Maren wá ga tó láti gun Ìjì, láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ìsinmi, bàbá ki bẹ́líìtì náà sábẹ́ ìrọ̀rí.

"Bẹ́líìtì yín dà?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ó wà lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì."

Irọ́ ńlá.

3. Níbi tí wọ́n tò sí láti wọ Ìjì, áìsìkiriìmù ń yọ́ sí Maren lọ́wọ́, kò lá a. Bàbá Orville kọ ẹ̀yìn sí pátákó tí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sí pé kí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn má wọ ọkọ̀ náà.

"Ṣé ó dá yín lójú, Bàbá àgbà?"

"Àbí ẹ̀rù ti ń bà ọ́ ni?"

"Èmi kẹ̀? Ẹ̀yin ni mò ń rò. Ẹ kì í ṣọmọdé mọ́ o."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi wa tírélà?"

4. Ìjì gbéra, ó yí wọn po, ó dorí wọn kodò. Nígbà tó dúró, gbogbo èèyàn sọ̀ kalẹ̀. Bàbá Orville nìkan ni kò lè dìde. Àwọn òṣìṣẹ́ wá gbé e.

"Ẹ rọra o, èmi kì í ṣe àpò ọ̀dùnkún."

Maren rẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò sójú ẹ̀. Dókítà ní egungun kankan ò ṣẹ́, àmọ́ kí bàbá dùbúlẹ̀ títí ìsinmi á fi parí. Bí ìsinmi tí wọ́n ti ń retí látọdún dé ọdún ṣe bàjẹ́ lọ́jọ́ kìíní nìyẹn.

5. Màmá Lorna ra fótò tí ẹ̀rọ yà wọ́n níbi tí ọkọ̀ ti ń já wálẹ̀. Àwọn méjèèjì dijú pinpin, wọ́n fún ẹnu pọ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní oògùn kíkorò.

"Ta ló tiẹ̀ fẹ́ gùn ún nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Maren ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà mí látèṣí. Mo rò pé inú Bàbá àgbà ò ní dùn tí mo bá kọ̀."

"Torí tìẹ ni mo ṣe bọ́ bẹ́líìtì," ni bàbá wí láti orí ibùsùn. "Kí ló wá wù ọ́ gan-an?"

"Kí n sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́ dáadáa. Ká wá jókòó sétí adágún ìwẹ̀, ká máa fi àwọn tó ń kọjá ṣẹ̀fẹ̀."

"Ohun tó wu èmi náà nìyẹn." Bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀yìn ò gbà fún un. "Má pa mí lẹ́rìn-ín, Maren. Ó ń dùn mí."

Ẹ̀yin òbí àgbà, ẹ má fi ìgbéraga bo àìlera mọ́lẹ̀ nítorí ìlérí tẹ́ ẹ ṣe fún ọmọ kékeré. Ọmọ yẹn ti dàgbà. Ẹ bi í léèrè ohun tó wù ú báyìí, kẹ́ ẹ sì sọ ibi tí agbára yín mọ. Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ yanu sọ̀rọ̀. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí bàbá àgbà yín kó tó di ẹrù fún ìrìn àjò.