Àparò Ka Ìbò

Àlọ́ o! Ẹ bá mi gbè é, inú ń bí mi. Àlọ́ mi fẹsẹ̀ kọ Ẹfọ̀n àti Ìmàdò, tí wọ́n jọ ń du oyè ọba igbó.

Àgbàdo tí àwọn ẹranko fẹ́ gbìn ni wọ́n fi dìbò sínú igbá àwọn méjèèjì. Ta ni wọ́n ní kó kà á? Àparò! Wọ́n ní ẹnu rẹ̀ ló lè ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àparò ń kà, ó ń gbé e mì. Ó ní Ẹfọ̀n ló wọlé. Ìmàdò figbe ta: "Irọ́ ni! Tún un kà!" Ó tún un kà, ó ní Ìmàdò ni. Ẹfọ̀n fẹsẹ̀ halẹ̀: "Òjóró! Tún un kà!" Dípò kí ará igbó yẹ inú igbá wò, orin ni wọ́n ń kọ:

Àparò, tún un kà o,
— Kà á re!
Ìbò wa ò gbọdọ̀ nù o,
— Kà á re!

Ìgbà tí wọ́n máa fi dákẹ́, igbá méjèèjì ti ṣófo.

"Ìbò wa dà?"

Àparò fi ìyẹ́ pa ikùn. "Gbogbo rẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ mi. Ta ló ní ìbò tó mi? Ẹ dọ̀bálẹ̀ fọ́ba yín!"

Wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́, nínú òjò àkọ́rọ̀, láìní hóró kan tí wọ́n máa gbìn. Ibẹ̀ ni mo fi wọ́n sí, kí n má baà sọ òkò ọ̀rọ̀.