Igbá Òrí

Lẹ́yìn ìwẹ̀ àárọ̀, ọmọ mi Ìbíronkẹ́ fín oògùn tí wọ́n ń pè ní ẹ̀ṣọ́ ara sí Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ̀, lára. Èérún purotéènì inú oògùn náà á rì sínú ọ̀rá tó bo sẹ́ẹ̀lì, kòkòrò àìsàn kò sì ní ríbi wọlé.

"Màmá, ẹ má fi òrí ra á lára o! Ọ̀rá òrí ni oògùn máa lẹ̀ mọ́, kò ní dé ara ọmọ."

Ta ni kò mọ̀? Ṣùgbọ́n bí Ìbíronkẹ́ ṣe jáde, mo ṣí igbá tí ìyá mi máa ń kó òrí sí lásìkò ọyẹ́ nígbà ayé rẹ̀. Òrí ti tán nínú rẹ̀ tipẹ́. Òórùn ló kù.

Àwẹ̀ró sún mọ́ mi. "Màmá àgbà, òórùn kí nìyí?"

"Òórùn ìyá mi ni."

Ọmọ náà kúnlẹ̀ níwájú igbá.

"Ẹ káàárọ̀ mà."