Mo-ti-mọ̀ àti Fọ́tò Kan Ṣoṣo

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ nínú ilé, tí ẹ sì ń fi ìwé àlàyé rẹ̀ há ẹsẹ̀ tábìlì tí kò dúró dáadáa, ẹ̀yin ni èmi òǹtumọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ yá mi létí díẹ̀. Ìtàn náà kò gùn.

Gbẹ́nàgbẹ́nà kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ parí. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ìdílé rẹ̀ kò sì jìyà, ṣùgbọ́n bí o bá la ẹnu láti kọ́ ọ ní nǹkan, kí o tó dé ìdajì ọ̀rọ̀, yóò ti ní, “Mo ti mọ̀.” Báyìí ni àwọn ará àdúgbò ṣe sọ ọ́ ní Mo-ti-mọ̀. Òun rò pé oríkì ni.

Ní ọjọ́ kan, ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà wọlé, kí ó lè máa tẹ àwòrán àga àti ilẹ̀kùn fún àwọn oníbàárà. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń ka ìwé àlàyé náà sókè.

“Wọ́n ní ìyẹ̀fun dúdú ló fi ń kọ̀wé, kì í ṣe tàdáwà. Wọ́n ní ooru inú rẹ̀ ló ń yọ́ ìyẹ̀fun náà mọ́ bébà. Wọ́n ní bébà tó tẹ́jú, tó gbẹ, tí kò ní ike lára...”

“Mo ti mọ̀. Bébà ni bébà ń jẹ́.”

“Bàbá wọn, ṣé pákó ni pákó ń jẹ́? Ṣé ẹ lè fi pákó tútù kan ilẹ̀kùn?”

“Ìyẹn, iṣẹ́ ni. Èyí, bọ́tìnnì lásán ni.”

Ìbẹ̀rẹ̀ dùn. Àwòrán ń jáde kedere, àwọn aládùúgbò ń wá tẹ ìwé lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n ń yìn ín, orí rẹ̀ sì ń wú. Ó ki bébà tí ọ̀rinrin ti mú bọ inú ẹ̀rọ. Bébà náà ká jáde bí ewé gbígbẹ. Ó ki káàdì líle bọ̀ ọ́, ó há. Ó fà á yọ, ó fọwọ́ gbá ẹ̀rọ náà lẹ́yìn, ó ní, “Ṣé ẹ rí i? Ó ti mọ ọ̀gá rẹ̀.” Ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ojoojúmọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.

Ìyá Mo-ti-mọ̀ ń gbé pẹ̀lú wọn. Ìgbàgbé ń jẹ ìyá náà díẹ̀díẹ̀, bí ikán ṣe ń jẹ òpó láti inú. Ó ní fọ́tò kan ṣoṣo tó jẹ́ ti àkọ́bí rẹ̀, ọmọbìnrin tó kú kí wọ́n tó bí Mo-ti-mọ̀. Ojú ọmọ náà kò sí níbòmíràn láyé. Ní òwúrọ̀ kan, ìyá gbé fọ́tò náà wá.

“Ọkọ mi, bá mi fi bírò kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Lánàá, mo wò ó títí, mi ò rántí orúkọ. Bí mo bá tún gbàgbé, kí n yí i padà, kí n kà á.”

“Màmá, ẹ̀rọ wà nílẹ̀, ẹ ń sọ̀rọ̀ bírò! Á kọ ọ́ gàdàgbà, ẹ ò ní máa wá awò ojú yín kiri.”

Ìyàwó rẹ̀ dá iṣẹ́ dúró. “Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́. Ike wà lára fọ́tò yẹn, ẹ wò ó bó ṣe ń dán. Ẹ tẹ orúkọ náà sórí bébà lásán, ká fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn rẹ̀. Tàbí ká kọ́kọ́ gbé e lọ fún onífọ́tò, kó bá wa ṣe ẹ̀dà...”

“Mo ti mọ̀.”

Ó ti fọ́tò náà bọ ẹnu ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà fà á wọlé. Etí aránṣọ mọ ìgbà tí aṣọ bá há lábẹ́ abẹ́rẹ́. Kí ọkọ rẹ̀ tó mira, òun ti gbọ́ ọ. Ohùn ẹ̀rọ náà wúwo, ó fà, ó sì dákẹ́. Iná pupa tàn. Òórùn ike tó ń yọ́ gba inú yàrá.

“Ẹ pa á! Ẹ má fà á o, ẹ jẹ́ kó tutù!”

Ṣùgbọ́n ó ti ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó ti di etí fọ́tò náà mú, ó sì fà á. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun a fagbára mú ní í le koko. Igun kan péré ló bá a wá, bàtà ọmọ kékeré kan wà lára rẹ̀. Ìyókù ti yọ́ mọ́ irin gbígbóná tó wà nínú ẹ̀rọ náà.

“Ṣé ó ti jáde?” Ìyá bèèrè láti orí àga.

Mo-ti-mọ̀ fi igun fọ́tò náà pamọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́.

“Ọkọ mi, ṣé ó ti kọ ọ́?”

Mo-ti-mọ̀ yíjú sí ìyàwó rẹ̀, bí ẹni tó ń tọrọ ọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ wolẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ní ló ti sọ tẹ́lẹ̀.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà tọ ọkùnrin kan tó ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe lọ. Ó tú u, ó ha irin náà díẹ̀, ó sì jáwọ́.

“Ọ̀gá, mo lè bá yín pààrọ̀ irin yìí. Ojú tó wà lára rẹ̀ ni mi ò lè mú padà.”

“Mo ti...” ni Mo-ti-mọ̀ wí, kò sì lè parí rẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ni pé bí ìka kò ṣe dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni bébà kò rí bákan náà; èyí tí ẹ̀rọ oníná kò bá gbà, ẹ má ṣe kì í bọ̀ ọ́. Ẹ ka ìwé àlàyé kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń gbà yín nímọ̀ràn sọ̀rọ̀ parí, nítorí nígbà mìíràn, inú ìdajì ọ̀rọ̀ tí a kò dúró gbọ́ ni ìgbàlà wà. Ohun tí kò bá sì ní èkejì, a kì í fi dán ẹ̀rọ wò.

Ẹ̀rọ náà wà lábẹ́ tábìlì ìgégi, eruku igi ti bò ó. Aránṣọ ń rán aṣọ rẹ̀, kì í gba ọkọ rẹ̀ nímọ̀ràn mọ́. Ọkọ náà kò sọ gbólóhùn rẹ̀ àtijọ́ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò ṣì ń fi pè é. Ó fi bírò kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sórí bébà funfun kan, ó fún ìyá rẹ̀. Ìyá máa ń ka orúkọ náà lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà, yóò yí bébà náà padà, yóò máa wá ojú ọmọ rẹ̀.