Ọ̀nà Ọwọ́ Òsì

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí Akíndúró tó gbé èrò kankan ní Òjòó, fóònù ni yóò kọ́kọ́ gbé sẹ́nu.

"Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Òkè Olómi. Ojú ọ̀nà dáa títí dé Mọ́níyà. Lẹ́yìn Mọ́níyà, wọ́n ń da ọ̀dà, ọwọ́ kan là ń gbà, ẹ fara balẹ̀. Bí ẹ bá dé ìdí òkè, ọ̀nà ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ bá gòkè. Wọ́n ṣì ti ọ̀nà ọwọ́ òsì, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́."

Á fi ohùn náà ránṣẹ́ sórí wọ́sáàpù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbọ́ ọ, àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ lọ ya fọ́tò létí adágún omi orí òkè náà ń gbọ́ ọ. Wọn kì í dáhùn. Èèyàn kan ṣoṣo ló máa ń pè é padà.

"Akíndúró, ṣé o jí dáadáa? Ọ̀nà ọwọ́ òsì ńkọ́?"

Ìyá Ìdùnnú ni. Agbowó ló ti ń rán sùtánà fún àwọn aláàdúrà. Ọdọọdún ni ìjọ rẹ̀ ń lọ gbàdúrà lórí Òkè Olómi, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún méjì tí kò bá wọn lọ mọ́. Ó ní orúnkún òun ò gba àtẹ̀gùn ọwọ́ ọ̀tún, òun á dúró de ti òsì tó tẹ́jú. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Ìyá Ìṣọ́ra ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ìṣọ́raolúwa, àkọ́bí rẹ̀, wà lára àwọn tó ń la ọ̀nà ọwọ́ òsì náà nígbà tí àpáta yẹ̀, tó sì wó lù ú. Àwọn àgbà abúlé ìdí òkè ní ẹni tí òkè bá pa, wọn kì í gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹ̀bá ọ̀nà yẹn gan-an ni wọ́n sin ín sí, Akíndúró sì wà lára àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Wọ́n sọ fún ìyá pé àwọn ti sin ín síbi tó yẹ, ìyá ò sì béèrè. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo àdúgbò ti ń fi orúkọ ọmọ tó kù pè é. Adésànyà, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, fa Akíndúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

"Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀," ló wí, "má jẹ́ kí ìyàwó wa gba ọ̀nà yẹn."

Akíndúró gbà. Kò kọ́kọ́ le, torí wọ́n ti ọ̀nà náà lóòótọ́.

Àmọ́ ìbéèrè ìyá ò tán bọ̀rọ̀. Ṣé koríko ti ń hù níbẹ̀? Òjò àná ńkọ́, ṣé kò wọ́ ilẹ̀ lọ? Bí ẹni ń béèrè iye tí wọ́n ń ta òwú ló ṣe máa ń béèrè. Akíndúró ò sì mọ irọ́ pa tó bẹ́ẹ̀. Bó bá ti já èrò sílẹ̀, á yọ́ gba ọwọ́ òsì lọ wo ibẹ̀, kó lè rí nǹkan sọ lọ́jọ́ kejì. Abẹ́ igi ayùnrẹ́ ni oórì náà wà. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ẹ, wọ́n kọ orúkọ Ìṣọ́raolúwa sí i gàdàgbà. Bó bá ti ro ọjọ́ tí ìyá yóò dúró síwájú orúkọ yẹn, àyà rẹ̀ á já. Á gbá ewé kúrò lórí rẹ̀, á padà sídìí ọkọ̀.

Nígbà kan, ìyá fi ọkọ́ kékeré kan rán an. "Fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bí koríko bá ń yọ wọ́n lẹ́nu." Katapílà làwọn yẹn fi ń ṣiṣẹ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi ọkọ́ ṣe? Akíndúró fúnra rẹ̀ ló fi í ro etí oórì.

Nígbà tó yá, wọ́n ṣí ọ̀nà náà. Rédíò sọ ọ́. Akíndúró wá ń fi ohùn méjì ránṣẹ́ láràárọ̀: gbogbo ayé ń gbọ́ pé ọ̀nà méjèèjì ti là, fóònù kan ṣoṣo ní Agbowó ń gbọ́ pé ti òsì kò tíì là. Ojú ń tì í.

"Wọ́n tún ń kó òkúta sí i, Mà."

"Ó dáa. Koríko ńkọ́?"

"Kò sí koríko, Mà."

"O ṣé, ọmọ mi."

Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn títí ìjọ fi wá háyà ọkọ̀ rẹ̀ fún àdúrà ọdún yìí. Ìyá Àdúrà tó wá bá a ní Òjòó ń rẹ́rìn-ín. "A gbọ́ pé ti òsì ti là. Orúnkún Ìyá Ìdùnnú bọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ n lọ sọ fún un."

"Ẹ fi sílẹ̀, Mà. Ọ̀nà ibẹ̀ ni mò ń lọ, màá sọ fún wọn."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a. Ohun tí Akíndúró ń rò lọ́kàn nìyẹn tó fi dé Agbowó. Ó bá ìyá nídìí ẹ̀rọ, aṣọ funfun wà lórí itan rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò bọ̀ tú mọ́ ọn lẹ́nu.

"Mà, ẹ má bá ìjọ lọ. Àpáta tún fẹ́ yẹ̀ níbẹ̀. Wọn ò tíì ṣí ọ̀nà òsì."

Ìyá gé òwú. "Ó ti pẹ́ tí rédíò ti ní wọ́n ṣí i."

"Irọ́ ni rédíò ń pa, Mà."

"Rédíò ò purọ́." Ó yí aṣọ padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán apá kejì. "Ọkọ́ ńkọ́? Ṣé ó ṣì mú?"

Akíndúró wò ó. Ìyá ò gbójú sókè, ojú rẹ̀ gbẹ.

"Ó mú, Mà."

"Sọ fún Ìyá Àdúrà pé orúnkún ò jẹ́ kí n lè wá. Orúnkún ò dùn mí rí."

Ẹ̀rọ dákẹ́.

"Ìyá kì í débẹ̀, Akíndúró," ni Ìyá Ìṣọ́ra wí, "àmọ́ bí mo bá ṣáà ti ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ, ìwọ á máa bá mi yà kí i láràárọ̀."