Bọ́tìnnì Ọ̀gá Ṣóbọ̀wálé

Ní ọdún 1991, ẹni tó bá fẹ́ rí ẹ̀rín Àlàó, kó sáà dárúkọ bọ́tìnnì Ọ̀gá Ṣóbọ̀wálé.

Àlàó ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ amúlétutù ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Bọ́tìnnì kan wà lára ògiri yàrá rẹ̀ tó máa ń yí. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, bó bá yí i díẹ̀, iná díẹ̀ ni yóò gba wáyà lọ bá fáàfù tó ń ṣínà fún òtútù lókè àjà, ìyẹn náà á sì ṣí díẹ̀. Bó bá yí i dé òpin, fáàfù á ṣí gbayawu. Abẹ́rẹ́ kékeré kan ń fi ibi tó yí i dé hàn án, Àlàó sì fẹ́ràn abẹ́rẹ́ yẹn ju aago ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Ṣóbọ̀wálé, mánẹ́jà wọn, kò jẹ́ kó gbádùn. Òní ooru, ọ̀la òtútù. Nígbà tó sú Àlàó, ó kan bọ́tìnnì kan mọ́ ògiri ọ́fíìsì ọ̀gá, kò so wáyà kankan mọ́ ọn. Ọ̀gá yí i, ó mí kanlẹ̀.

“Ẹ̀n-ẹ́n, ó ti ń tutù báyìí.”

Àlàó lọ rẹ́rìn-ín lẹ́yìnkùlé.

Susanna tó ń tẹ̀wé wá bá a. “Bọ̀ọ̀dá Àlàó, òtútù ń pa mí o.”

Ó yí bọ́tìnnì tirẹ̀ wálẹ̀, abẹ́rẹ́ tẹrí ba. Títí ìrọ̀lẹ́, Susanna ò bọ́ súwẹ́tà.

“Ẹ̀rọ ńlá kì í kánjú, jàre,” ni Àlàó wí.

Nígbà tó lọ sìnkú àna rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé kò sí níbi iṣẹ́. Ó ní torí pé òun ti to ẹ̀rọ náà dáadáa ni.

Ìgbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá òṣìṣẹ́ dúró. Wọ́n rán Ẹnjiníà Olúfúnkẹ́ wá wò ó bóyá iṣẹ́ Àlàó ṣì wúlò. Ọmọ Àlàó mẹ́ta ló wà nílé ìwé. Ló bá mú Ẹnjiníà lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá, ó já bọ́tìnnì kúrò lára ògiri lójú ẹni tó ni ín.

“Ẹ wẹ̀yìn ẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọwọ́ èmi nìkan ni òtútù ilé yìí wà.”

Ojú ti Ṣóbọ̀wálé. Olúfúnkẹ́ ò rẹ́rìn-ín.

“Ẹ bá mi wá àkàbà, sà. Mo fẹ́ wo fáàfù tiyín.”

Tayọ̀tayọ̀ ni Àlàó fi di àkàbà mú fún un.

Lókè àjà, fáàfù ti dípẹtà ní ṣíṣí ìdajì, orí wáyà tó ti ọ̀dọ̀ bọ́tìnnì Àlàó wá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e wá, tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé náà.